Ẹja Igi Tí Kò Dán Tó

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta fi bàjẹ́ lójú mi. Ẹja igi méje ni mo so rọ̀ sára wáyà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlobù. Nígbà tí mo so wọ́n, ńṣe ni wọ́n ń dán bíi dígí. Kí n tó fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ mi tán, ara wọn ti ń wú, ó sì ń hunjọ bí awọ tó máa ń wà lójú ògì gbígbóná tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Ọ̀dà pupa yọ́ wọnú ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ojú tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì tínrín yà fún wọn ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń sunkún. Ìyá Rísí, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré jáde.

"Dúpẹ́, kí lo fi pa wọ́n lára?"

"Fáníìṣì ni, mà."

"Fáníìṣì wo ló ń bó nǹkan láwọ báyìí?"

Ìbéèrè gidi ni.

Iṣẹ́ fáníìṣì ni mo fi jẹun láyé mi. Tíṣà ni bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ìyá mi, wọ́n sì ti fọkàn sí i pé èmi náà yóò di tíṣà. Àmọ́ láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn kí n máa fọwọ́ pa igi tó bá jọ̀lọ̀. Nígbà tí mo ní n óò lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Sùlè ní Òṣogbo, bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá Sùlè máa ń fi fáníìṣì pa àga àti bẹ́ẹ̀dì, ó sì tún máa ń kun mọ́tò nígbà mìíràn. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwa ọmọṣẹ́ márùn-ún. Mo gba ìyọ̀ǹda, mo padà sí Ìlobù, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àga, kọ́bọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn, kò sí èyí tí n kì í gbà. Ṣùgbọ́n ẹja igi, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí títí di ọjọ́ tí Bàbá Tíṣà wọlé.

Ará Ìfọ́n ni Bàbá Tíṣà. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ló fi kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó tún ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹja pípa ni eré ìdárayá rẹ̀. Kì í lo ekòló, kì í da àwọ̀n. Igi ahùn, tó fúyẹ́ bí òwú, ló máa ń gbẹ́ di ẹja kékeré tó gùn tó ìka àárín, á ki wáyà bọ ikùn rẹ̀, á so ìwọ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀ àti ní ìdí. Tó bá jù ú sínú omi tó sì ń fi okùn fà á bọ̀, ẹja igi náà á máa mì tìtì bí ọmọ ẹja tó fara pa. Ẹja ńlá á rò pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ dé, á gbé e hàn-ùn. Ó ní olùkọ́ kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan ló kọ́ òun.

"Wàhálà mi ni omi," ó wí fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Igi máa ń mu omi, á wú, ọ̀dà á sì ṣí. Bí kò bá ṣí, eyín ẹja á ha á dànù. Mo fẹ́ kí ó dán, mo sì fẹ́ kí ó lè jìyà."

Mo ní kò sí wàhálà, sà. Ẹni tó ti fi fáníìṣì pa ibùsùn ọba ìlú kan rí, kí ni ẹja igi jẹ́ lójú rẹ̀?

Ohun tó jẹ́ lójú mi nìyẹn tó ń yọ́ lórí wáyà yìí.

Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, n kò sì dìde. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn ẹja náà, ó fi àtàǹpàkò pa á láti orí dé ìrù. Mo ń retí èébú.

"Ọ̀dà wo lo kọ́kọ́ kùn?"

"Ọ̀dà olóròóró tí a fi ń kun ilẹ̀kùn ni, sà."

"Ọjọ́ mélòó ló fi gbẹ?"

"Ọjọ́ kan, sà."

"Kí lo wá fi lé e?"

"Fáníìṣì tí a fi tínnà pò, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lo fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tí ọ̀dà bá gbẹ mọ́?"

Mo ní tínnà ni. Kí n tó pa ẹnu dé, ó ti yé mi. Ohun tí mo fi ń bó ọ̀dà ni mo dà lé ọ̀dà lórí, mo sì dúró ń wò ó kí ó máa dán. Mo ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta o!

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ kejì, mo lọ jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá Sùlè. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀, kó tó wá là mí lóye. Ó ní kí n gbàgbé fáníìṣì àga pátápátá. Ohun tí àwọn tó ń kun mọ́tò máa ń fi parí iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní kílíà, ni kí n lò. Inú agolo méjì ló máa ń wà. Èkejì ni hádínà, òun ló ń mú kí ó le. Bí o bá ti pò wọ́n pọ̀ báyìí, kò ní í dúró dè ọ́ mọ́. Bí o bá lọ jẹun, wàá bá a nínú ife, á ti di òkúta.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nìyí. Mo máa ń fi sáńpépà ha igi náà títí yóò fi jọ̀lọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́. Mo máa ń fi sílà dí ihò ara rẹ̀, kó má baà mu omi. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń kun àwọ̀, fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì máa ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Kílíà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tínrín bí èémí tí èèyàn mí sára dígí. Tí ìyẹn bá ti dì í mú, n óò wá ri gbogbo ẹja náà bọ inú kílíà, n óò so ó rọ̀, n óò sì máa yí i, orí sísàlẹ̀, ìrù sísàlẹ̀, kí kílíà má baà ṣàn jọ sójú kan. N óò ti wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà fò. Síbẹ̀, eṣinṣin kan á ṣáà wá ibẹ̀ wá kú sí.

Bàbá Tíṣà máa ń dán iṣẹ́ wò bí olùkọ́. Ó fi ọ̀kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi fún ọjọ́ méje. Ó fi ìṣó ha á. Ó jù ú mọ́ ògiri. Nígbà tí kò ṣí, tí kò sì là, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wá. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ni ó mú mi.

Ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n ti wà kí wọ́n tó bí mi. Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé oníbàárà tán ní Ìlobù ni, tí mo fi ń fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́ fún ará Ìfọ́n. Wọ́n ń bi òun náà ní ọ̀dọ̀ tiwọn. Èsì kan ṣoṣo ló ní: "Ẹja inú dáàmù kò mọ ààlà." Á gun ọ̀kadà ọlọ́kadà kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa, á dé, á gba ẹja rẹ̀, á sì gba ọ̀nà dáàmù tó ti ń pẹja lọ.

Ó ti ń lọ sí ọdún kan tí a ti ń bá a bọ̀ kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀.

"Dúpẹ́, kò dán tó."

Mo wo ẹja náà. Mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. "Sà?"

"Ojú rẹ̀ kú. Tún un rì."

Mo tún un rì. Ó dé, ó ní kò dán tó. Mo fi sáńpépà olómi ha á, mo tún un rì lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní ó ti sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kò jáde, kí n fi ọsàn sí i, kí n fi funfun sí ikùn, kí n fa ìlà dúdú tó nípọn sí ẹ̀gbẹ́. Mo ṣe é. Ó tún ní kí n fi ofeefee tó ń pariwo sí i. Nígbà tó yá, ojú ń tì mí láti so àwọn ẹja náà sí ìta, nítorí wọ́n ti dà bí ohun tí wọ́n fi ń ta súìtì fún ọmọdé. Mo ra kílíà láti Òṣogbo, mo ra òmíràn láti Ìbàdàn. Ó ṣáà ní kò dán tó. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò ṣe àríwísí tó lódì: bí eruku kékeré kan bá wà lára ẹja, tí èmi kò rí, àtàǹpàkò rẹ̀ á bá a. "Eṣinṣin rẹ nìyí," á sì nà án sí mi.

Lọ́jọ́ kan, sùúrù mi tán. Ó ti dá ẹja kan padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo gbà á, mo kúnlẹ̀, mo ní kí ó padà wá lọ́jọ́ mẹ́rin òní. Bó ṣe lọ tán ni mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. N kò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ mẹ́rin pé, mo mú un jáde, mo fi aṣọ nù ún, mo nà án sí i.

Ó mú un bọ́ sínú oòrùn. Ó gbé e sókè. Ó fọwọ́ pa á, ó gbé e súnmọ́ imú, ó dúró pẹ́ díẹ̀.

"Háà!" ó wí. "Ó ti dán wàyí. Ṣé o rí i? Sùúrù ló ń fẹ́."

Kò tíì dé kọ̀rọ̀ tí èmi àti Ìyá Rísí fi bú sẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí Ìyá Rísí fi di ikùn mú. Ó ní, "Àwọn àgbà yìí! Wọ́n kàn fẹ́ dá èèyàn lóró ni." Láti ọjọ́ náà, tó bá ti ní nǹkan kò dán tó, inú dúrọ́ọ̀ ni mo máa ń fi í sí. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí nítorí ohun tó tẹ̀lé e.

Ní Sátidé kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìfọ́n pè mí kí n wá wo àwọn bẹ́ǹṣì wọn. Mo ní ẹja Bàbá Tíṣà mẹ́fà nílẹ̀, mo sì rò ó pé kí n kúkú mú wọn dání fún un nílé. N kò dé ilé rẹ̀ rí. Mo béèrè, wọ́n sì júwe. Ìyàwó rẹ̀ ni mo bá lẹ́yìnkùlé, tó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo fífẹ̀ kan. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Mo mú ẹja Bàbá wá ni. Dúpẹ́ oní-fáníìṣì ni mí, láti Ìlobù."

Obìnrin náà gbé ojú sókè, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ni Dúpẹ́! Dìde, dìde, ọmọ mi. Ọlọ́run ni yóò bá mi san án fún ọ. Bó bá ti wà lọ́dọ̀ rẹ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọkàn mi máa ń balẹ̀. Ṣé kì í da iṣẹ́ rú mọ́ ọ lọ́wọ́? Ẹni tí kò ríran, tó ń jókòó sáàárín tínnà!"

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. "Ta ni kò ríran, mà?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ìwọ náà kò mọ̀?"

Ó wá sọ fún mi. Ojú ọ̀tún ti lọ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ti òsì ń ríran bí ẹni tó ń wo nǹkan láti inú èéfín: ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó mọ̀ pé èèyàn dúró níwájú òun, ó parí. Ó ti ka iye ìṣísẹ̀ tó wà láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé títì. Bàbá ti kìlọ̀ fún un pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́, àwọn ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn pàápàá.

Gbogbo "kò dán tó" yẹn. Ọsàn, ofeefee, ìlà dúdú tó nípọn. Mo rántí dúrọ́ọ̀ mi, mo rántí ẹ̀rín èmi àti Ìyá Rísí, ó sì dà bí ẹni pé ẹnì kan da omi yìnyín sí mi lọ́rùn.

"Níbo lo wá fi í sí báyìí?" Màmá bi mí. "Àbí ṣọ́ọ̀bù lo fi í sílẹ̀ sí?"

"Mà, Bàbá kò wá lónìí. Bàbá kì í jókòó lọ́dọ̀ mi. Tó bá ti gba ẹja rẹ̀, dáàmù ló máa ń lọ."

"Dáàmù wo?"

"Níbi tó ti ń pẹja, mà. Nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀."

Àwo ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wà fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Ó ń wò mí. "Ọkọ mi tí kò rí àwo oúnjẹ iwájú rẹ̀? Òun nìkan? Lórí omi?"

Àwa obìnrin méjì dúró báyìí, a ń wo ara wa. Òun mọ̀ pé kò ríran, kò mọ̀ pé ó ń wọ omi. Èmi mọ̀ pé ó ń wọ omi, n kò mọ̀ pé kò ríran. Ọkùnrin náà ti fi ọgbọ́n gbé àárín wa kọjá láti bí ọdún kan.

A kò ti ilẹ̀kùn, àpò ẹja mẹ́fà náà sì ṣì wà lọ́rùn mi. Ọ̀kadà kan ló gbé àwa méjèèjì, Màmá láàárín, èmi lẹ́yìn. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́nà bí kò ṣe "Jésù, Jésù, Jésù." Nígbà tí a dé dáàmù, apẹja kan tí wọ́n ń pè ní Jìmọ́ ló wà létí omi, tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Mo béèrè Bàbá Tíṣà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti wọ omi láti àárọ̀," ni Jìmọ́ wí. "Okùn rẹ̀ ló wà lára igi yẹn."

"Okùn wo?"

Okùn gígùn kan ni, tí wọ́n so mọ́ ìdí igi kan, tí ìyókù rẹ̀ sì wọnú omi lọ. Jìmọ́ ní gbogbo ìgbà ni Bàbá máa ń so ó. Ó ti sọ fún wọn pé bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo wo okùn náà, mo sì mọ ohun tó wà fún. Okùn yẹn ni ojú rẹ̀. Òun ló máa ń dì mú láti fa ara rẹ̀ padà sí èbúté.

Mo dì í mú, mo fà á. Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ fúúyẹ́ fúúyẹ́, láìsí ohun tó dì í mú. Mo ń fà á títí orí rẹ̀ fi yọ lójú omi. Ó ti já. Kò sí ọkọ̀ ní ìdí rẹ̀.

Obìnrin Yorùbá tó gbọ́n kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Màmá bọ́ bàtà sílẹ̀, ó wọ omi títí dé orúnkún, ó sì pariwo orúkọ tí n kò gbọ́ rí.

"Jékọ́ọ̀bù! Jékọ́ọ̀bù o!"

Kò sí ohun tó dáhùn. Ó tún pè é, ohùn rẹ̀ sì já. Ìgbà náà ni a gbọ́ ohùn kan láti inú koríko gíga tó wà lápá òdìkejì, ohùn ẹni tí inú ń bí:

"Ta ló ń pariwo níbẹ̀ yẹn? Ẹja ń jẹun o!"

Màmá jókòó sínú omi pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mò ń rín tàbí ẹkún ni mò ń sun.

Jìmọ́ wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ bá a. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé koríko yẹn nìkan ló dá ọkọ̀ Bàbá dúró. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ibi tí omi ti ń já lu sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀ ni. Bàbá kò sì mọ̀ pé okùn òun ti já. Ó rò pé etí èbúté lòun wà.

Nígbà tí wọ́n gbé e gúnlẹ̀, àrọ̀ kan wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ tó tó apá mi. Ẹja igi mi ṣì há sí i lẹ́nu, ó ń dán nínú oòrùn, eyín àrọ̀ kò fi àpá kankan sára rẹ̀. Ojú tì mí pé mo kọ́kọ́ wo ìyẹn.

Bàbá bọ́ sílẹ̀, ó dúró. Ó ti gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀, ó sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tú.

"Ta ló mú ọ dé ibí?"

"Ẹni tó ń bá yín kun ẹja ni," ni Màmá dáhùn.

Ó yíjú sí apá òsì. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni mo wà. Ó wí fún afẹ́fẹ́ pé, "Dúpẹ́, o ta mí."

Pé ó ń bá mi sọ̀rọ̀ níbi tí n kò sí, ìyẹn ló dùn mí ju ẹ̀sùn náà lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó rán ọlọ́kadà rẹ̀ sí mi pẹ̀lú ẹja igi mẹ́ta tí kò tíì kùn. Mo dá wọn padà. Mo ní kí ó bá mi sọ fún Bàbá pé n kò ní í ri ẹja kankan mọ́ títí dókítà yóò fi wo ojú rẹ̀. Oníbàárà tó níyì jù lọ tí mo ní nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, òun àti Màmá dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó sórí àga kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "lọ tọ́jú ojú lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń fi abẹ́rẹ́ ti ẹyinjú. Ó wọlé pẹ̀lú ojú kan tó ń ríran díẹ̀, ó jáde láìsí ìkankan. Èmi ni mo mú un lọ, Dúpẹ́. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì."

Ohun tó ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Mo wo Màmá. Òun náà kò gbọ́ ọ rí.

A jọ lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Òṣogbo, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dókítà tan iná sí i lójú, ó ní awọ kan ló ti funfun nínú ẹyinjú méjèèjì, tó bò ó bí eruku ṣe ń bo dígí. Ó ní òun lè yọ ọ́. Iṣẹ́ tí Bàbá ti ń sá fún láti ọdún méjì, kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi ṣe ojú òsì. Mo jókòó síta, mo ń ka táìlì ilẹ̀, kí n tó mọ̀ wọ́n ti tì í jáde.

Nígbà tí wọ́n ṣí báńdéèjì lọ́jọ́ kejì, ó wo fèrèsé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá wo Màmá pẹ́ títí.

"O ti hewú," ó wí.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ni Màmá wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ó yíjú sí mi. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi gan-an ló wò. "Dúpẹ́ rèé? Mo rò pé o ga ju báyìí lọ."

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n kó àwọn ẹja òun tó wà nílẹ̀ wá. Mo kó wọn lé orí tábìlì, ọsàn, ofeefee, funfun, pẹ̀lú ìlà dúdú. Ó wò wọ́n, ó sì ta sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò.

"Ta ló ní kí o fi irú àwọ̀ burúkú yìí kùn wọ́n?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi?" Ó tún wò wọ́n. "Ẹja tó jẹ irú èyí, òun náà kò ríran ni."

Ẹ̀rín pa Ìyá Rísí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀ fún un. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, sà. N kò fọwọ́ kàn án. Mo kàn nù ún ni mo dá a padà fún yín, mo sì fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ forí jì mí."

"Mo mọ̀," ó wí.

Mo gbójú sókè.

"Kílíà tuntun máa ń rùn fún ọjọ́ mẹ́ta, Dúpẹ́. Èyí tí o fún mi kò rùn. Mo rò pé o ti fura sí mi, pé ńṣe lo fi ń dán mi wò bóyá mò ń ríran. Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá ní kò dán, wàá ní kí n fi ibi tí kò ti dán hàn ọ́. Bí mo bá ní o kò ṣe nǹkan kan sí i, wàá bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ni mo bá ní ó dán." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Láti ibí dé dáàmù ni mo ń gbàdúrà pé kí o má tíì mọ̀."

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ohun tí mo pè ní àwàdà, ìpayà ló jẹ́ fún un. Ó fi ọwọ́ gbé mi dìde fúnra rẹ̀.

Ó ṣe ojú kejì lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó sì ń bá ẹja pípa lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Jìmọ́ ló sì máa ń wa ọkọ̀ fún un, nítorí Màmá ti fi ìyẹn ṣe òfin. Ó ti lọ báyìí. Èmi náà ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi, mo sì ń jókòó sí iwájú rẹ̀ láti máa yọ wọ́n lẹ́nu. Ohun tí mo fi kọ́ wọn ju gbogbo ẹ̀ lọ kò sí nínú agolo. Mo ní bí oníbàárà bá ní iṣẹ́ yín kò dára, ẹ má kọ́kọ́ jà, ẹ má sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ́kọ́ bi í bó ṣe rí i lójú tirẹ̀.

Kò tíì pẹ́ tí màmá àgbàlagbà kan wá bínú sí wa nípa àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀. Ó ní àwọ̀ tí òun mú kọ́ nìyí, ó ní ó ṣókùnkùn, ó ní olè ni wá. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ti ń fajú ro. Mo fa màmá náà jókòó, mo bi í léèrè bóyá iná ilé rẹ̀ náà ń ṣókùnkùn, bóyá ó ṣòro fún un láti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo júwe ilé ìwòsàn ojú yẹn fún ọmọ rẹ̀ tó mú un wá.

Oṣù kejì, ó padà wá. Ó lọ síwájú àga náà, ó dúró, ó ń wò ó bí ẹni tó rí àlejò tó fẹ́ràn.

"Ìyá Fáníìṣì, àga yìí dára," ó wí. "Háà, ó dára gan-an ni!" Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ìka kan sí ìdí ẹsẹ̀ àga náà. "Ṣùgbọ́n fáníìṣì yín ti ṣàn jọ níbí yìí."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Òótọ́ ni.